Ọmọrí rọ́bà tó bá gìtá mi wá: kí ni wọ́n ń fi í ṣe gan-an?

Ọmọ_Ìjápọ̀ · Sátidé, 7:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì fi gìtá onípákó kan ránṣẹ́ sí mi. Tòkunbọ̀ ni, àmọ́ ó mọ́ tónítóní. Inú àpò rẹ̀ ni mo ti bá nǹkan rọ́bà dúdú kan, róbótó, ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ díẹ̀, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí etí rẹ̀ ká bíi ti ọmọrí ike. Mi ò mọ ohun tó jẹ́, mo kàn jù ú sórí tábìlì. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, màmá mi ti fi dé agolo tí wọ́n ń kó ẹ̀gúsí sí. Wọ́n ní ó bá agolo yẹn mu bíi pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́.

Àná ni mo rí fọ́tò ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá lórí pèpéle. Rọ́bà yẹn gẹ́lẹ́ ló wà lójú ihò gìtá rẹ̀, ó dí i pa. Ni mo bá lọ gbà á padà lọ́wọ́ màmá (ẹ má bi mí bó ṣe rí), mo fọ̀ ọ́, mo kì í bọ ihò gìtá, mo ta á. Háà! Ohùn gìtá yẹn kú. Ńṣe ló dà bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń ba ohùn jẹ́ ni, kí ló dé tí èèyàn máa fi owó ra irú rẹ̀?

Aláwàdà_Ọjàọba · 7:52

Nítorí aáyán ni. Kí wọ́n má baà lọ yé ẹyin síbẹ̀. Dá rọ́bà padà fún màmá ẹ, jẹ́ kí ilé tòrò.

Tọ́lá_Ọ̀wọ̀ · 8:05

Èmi rò pé torí píìkì ni, ike pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn. Ìgbà mélòó ni píìkì ti já sínú gìtá mi, tí mo wá dojú rẹ̀ bolẹ̀ tí mò ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ajere, níwájú gbogbo ìjọ! Lọ́jọ́ kan, píìkì mẹ́ta ló já bọ́ síta, méjì nínú rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Bàbá_Akọrin_Oǹdó · 8:31

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó pẹ́ nílẹ̀. Ihò tó wà lára gìtá, ẹnu rẹ̀ ni. Ta ló ń di ẹni tó fẹ́ kọrin lẹ́nu?

Ẹ wo agídìgbo. Àpótí pákó ni, irin pẹlẹbẹ wà lójú rẹ̀, ihò róbótó wà láàárín. Bàbá mi àgbà ní ọ̀kan nílé wa ní Oǹdó. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo wá àkísà, mo fi dí ihò yẹn pinpin, mo fẹ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ohùn rẹ̀ há bíi ti ẹni tí òtútù mú ní ọ̀fun. Bàbá àgbà gbọ́ ọ láti yàrá, wọ́n jáde, wọ́n gbá mi létí kí n tó ṣí ẹnu ṣàlàyé. Láti ọjọ́ náà, n kì í dí ihò ohun èlò orin kankan. Yọ rọ́bà yẹn, ọmọ mi.

Ẹlẹ́rọ_Arákálẹ̀ · 9:10

Bàbá wa, ẹ kú àárọ̀ sà. Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé lẹ sọ. Rọ́bà yìí, ọ̀rọ̀ pèpéle ni.

@Ọmọ_Ìjápọ̀, kí n tó sọ̀rọ̀, yí gìtá yẹn padà kó o wo ìdí rẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì rẹ̀ ń so sí. Ṣé ihò irin kékeré wà níbẹ̀ tí wọ́n lè ki wáyà bọ̀?

Ọmọ_Ìjápọ̀ · 9:18

Ó wà níbẹ̀ sà. Bọ́tìnì mẹ́rin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ń fi bátìrì sí. Mi ò tíì lò ó rí, àárín pálọ̀ ni mo ti ń ta á.

Ẹlẹ́rọ_Arákálẹ̀ · 9:47

Ìdáhùn ẹ ti jáde nìyẹn. Ẹni tó ni gìtá yẹn tẹ́lẹ̀ máa ń fi iná ta á ni. Fíìdíbáàkì ló fi rọ́bà yẹn dènà, kò sí nǹkan mìíràn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ eegun funfun tí okùn gìtá jókòó lé, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ pickup. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n, kó sì rán an gba inú wáyà lọ sí mísà, ẹ̀rọ tí a fi ń tún ohùn ṣe, mísà á gbé e fún sípíkà. Sípíkà á wá ké. Igbe yẹn afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ yẹn á lu pákó iwájú gìtá, á sì wọ inú ihò rẹ̀ lọ, gìtá á wá máa gbọ̀n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Pickup ò mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo ta okùn. Á tún gbọ́ ọ, á tún rán an, sípíkà á tún ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó ṣe ń yí nìyẹn, títí wàá fi gbọ́ *wùùùùù*, ohùn ńlá kan tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ bíi màlúù tó ń ké nínú ihò.

Mo rí ọ̀kan ní Dìsẹ́ńbà tó kọjá níbi ètò ìta gbangba kan níbí l'Ákùúrẹ́. Arákùnrin tó ń ta gìtá gbé e sórí irin ìdúró, iwájú mọ́nítọ̀ gan-an, ìyẹn sípíkà orí pèpéle tó kọjú sí àwọn olórin, ó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Kò pa á. Mo ń wo mísà, mo kàn rí i tí iná ìlà rẹ̀ ń gòkè, àwọ̀ ewé, ìyẹ́lò, pupa. Gìtá yẹn dá kọrin fúnra rẹ̀! Okùn karùn-ún ń gbọ̀n tí ojú lè rí i, kò sí ọwọ́ lára rẹ̀. Àwọn kan nínú èrò ti ń pariwo pé ẹ̀mí ti bà lé gìtá. Mo fò sórí pèpéle, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò rẹ̀, ó dákẹ́ wẹ́lo. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún dí i, ó tún dákẹ́. Bí rọ́bà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ọwọ́ tí kì í rẹ̀ ni.

Ohun tí o sì sọ pé ohùn rẹ̀ kú, òdodo ni, torí inú pálọ̀ lo ti dán an wò láìsí iná. Nígbà tí wáyà bá wà lára rẹ̀, ohùn kì í gba ẹnu ihò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbọ́. Abẹ́ eegun ló ti ń lọ sínú sípíkà, pickup yẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá ihò ṣí tàbí ó pa dé.

Aláwàdà_Ọjàọba · 9:55

Ẹ̀mí ti bà lé gìtá ke! 😂😂 Ẹ ò sì jẹ́ kí wọ́n gba ọrẹ kí ẹ tó fọwọ́ dí i.

Tíṣà_Alágbàká · 10:30

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, kò sì sí ibi tí inú mi ti ń dùn tó ibi báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti Ẹlẹ́rọ, torí ìbéèrè kan wà tí kò dáhùn: kí ló dé tó jẹ́ pé *ihò* ni a ń dí, tí kì í ṣe ibòmíràn?

Gbogbo wa la ti gbé ìgò mínírà tó ṣófo sẹ́nu, tí a fẹ́ atẹ́gùn gba orí ẹnu rẹ̀ kọjá. *Hùúú.* Tó o bá bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀, ohùn á lọ sókè. Tó bá jẹ́ akèrègbè ńlá lo fẹ́ atẹ́gùn lójú rẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀ pátápátá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn ìgò ń ṣe bíi tìmùtìmù: tẹ̀ ẹ́, á ta padà. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà lẹ́nu ìgò ló ń tẹ̀ ẹ́, tó ń wọlé tó ń jáde lórí rẹ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan ní ohùn kan ṣoṣo tó máa ń fẹ́ ké, gẹ́gẹ́ bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi tó àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ọmọ Jámánì kan, Hermann von Helmholtz, ló ṣe àlàyé rẹ̀ ní kíkún láyé àtijọ́, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1863, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi orúkọ rẹ̀ pe irú ìró bẹ́ẹ̀.

Gìtá, akèrègbè onípákó ni. Gìtá ńlá tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, ohùn tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fẹ́ ké máa ń wà ní àyíká 100 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wá wò ó: okùn kẹfà, èyí tó nípọn jù, 82 Hz ni tí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́; okùn karùn-ún jẹ́ 110. Àárín àwọn méjèèjì ni ikùn gìtá wà! Ìdí nìyẹn tí ohùn ìsàlẹ̀ gìtá fi máa ń kún àyà, ìdí náà sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni *wùùù* tí Ẹlẹ́rọ sọ máa ń ti bẹ̀rẹ̀, tí okùn karùn-ún sì ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá dé ihò, afẹ́fẹ́ ò rí ibi wọlé jáde mọ́, akèrègbè di agbárí lásán.

Ẹ̀yin ọkùnrin tí ohùn yín ń lọ sílẹ̀, ẹ lè dán an wò nísinsìnyí. Gbé ẹnu sún mọ́ ihò gìtá, kùn *ùùùm*, máa ti òkè bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó o bá débì kan, gìtá á gbà á lẹ́nu rẹ, wàá gbọ́ ọ nínú igbá àyà ẹ.

Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun kan ni mo fẹ́ tún sọ. Ihò yẹn kọ́ ni gbogbo ohùn ń gbà jáde. Pákó iwájú ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ihò ló ń ran àwọn ohùn ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni agídìgbo bàbá àgbà: kò dákẹ́ nígbà tí ẹ fi àkísà dí i, ó kàn há ni.

Ọmọ_Ìjápọ̀ · 10:44

Mo ti kùn sínú rẹ̀. Yéèè! Ó dá mi lóhùn. Màmá mi bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá_Akọrin_Oǹdó · 11:20

Tíṣà, mo gbọ́. Àwọn àgbà ní òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ẹ ti jó o lónìí.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín: ẹ wo Sunny Adé, ọmọ bíbí ilé ọba ní Oǹdó wa níbí. Gìtá tó ń tà kò ní ihò rárá, pákó gbọlọjọ ni, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ń tàn. Tí fíìdíbáàkì bá jẹ́ wàhálà tó báyìí, kí ló dé tí ọmọ yìí ò kàn ra gìtá tí kò ní ihò?

Ìtàn kan tún rèé. Láyé tí jùjú ṣì jẹ́ gìtá onípákó, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pe fíìdíbáàkì. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè fi iná mọ́ gìtá nínú jùjú. Láti ìgbà náà ni ìlù ti ń pọ̀ sí i, tí gbogbo ẹ̀ sì ń pariwo, torí gìtá ti lè ké bá wọn. Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ lẹ fa iná sílé, ẹ̀yin náà lẹ wá ń wá omi kiri.

Ẹlẹ́rọ_Arákálẹ̀ · 11:41

Háháhá, Bàbá, ẹ mú wa. Ẹ̀bi wa ni.

Gìtá aláìníhò kì í ní irú fíìdíbáàkì yìí tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni, torí kò ní ikùn. Àmọ́ ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn pákó. Ẹni tó bá fẹ́ ta orin ìjọsìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tàbí tó fẹ́ kọrin pẹ̀lú gìtá nìkan, ohùn pákó yẹn ló ń wá.

Àwọn tó wà láàárín ọ̀nà náà wà, gìtá iná tó ní ikùn díẹ̀ àti ihò méjì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti fáólíìnì. Àwọn yẹn náà ń hu. B.B. King, ọ̀gá nínú blues ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ ló ń tà, aṣọ ló sì máa ń kì bọ inú ihò wọn kó má baà hu. Nígbà tó yá, Gibson, àwọn tó ń ṣe gìtá, wá ṣe ọ̀kan fún un ní 1980 tí wọn kò gbẹ́ ihò sí lára mọ́ rárá, wọ́n pè é ní Lucille, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń pe gìtá rẹ̀ tipẹ́. Àkísà tí ẹ fi dí agídìgbo nígbà náà, Bàbá, iṣẹ́ B.B. King lẹ ń ṣe. Etí tí wọ́n gbá yín yẹn, wọ́n ṣì jẹ yín lówó rẹ̀.

Tọ́lá_Ọ̀wọ̀ · 12:15

Ẹ dúró ná. Èmi ní irú rọ́bà yìí! Ọdún méjì sẹ́yìn ni mo rà á. Mo fi dí ihò, síbẹ̀ gìtá mi ń ṣe *wíììììì*, ìyẹn tó ń gún etí. Mo wá sọ ọ́ nù pé irọ́ ni wọ́n pa fún mi. Ṣé èyí tí mo rà ni ò dáa?

Ẹlẹ́rọ_Arákálẹ̀ · 12:38

Àbúrò mi, rọ́bà ò ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ gbọ́ ohun tí o kọ: *wíììì*. Ti gìtá onípákó, *wùùù* ni. Ẹni tó ń ṣe *wíì*, lọ́pọ̀ ìgbà máìkì ni, bóyá máìkì tí o fi ń kọrin tàbí ti ẹlòmíràn tó dojú kọ sípíkà. O lè fi simẹ́ǹtì dí ihò gìtá, kò ní dákẹ́.

Kódà *wùùù* pàápàá, rọ́bà kì í pa gbogbo rẹ̀. Pákó iwájú gìtá ní ohùn tirẹ̀ tó máa ń fẹ́ ké, ó máa ń tó ìlọ́po méjì ti afẹ́fẹ́ inú, àyíká 200 Hz. Rọ́bà ò lè dì í lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn tó bá gbé gìtá onípákó wá sídìí mísà mi nìyí. Mo kọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí. Tó bá kọ àyà gìtá sí mọ́nítọ̀, mo ní kó yí ara rẹ̀ díẹ̀, kó sún sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń parí, láì ná kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ bọ́tìnì kékeré orí mísà tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ dànù, tí wọ́n máa ń kọ 80 tàbí 100 Hz sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí gìtá bá ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ *phase* sí, èyí tó ń yí ìgbọ̀n ohùn sódì, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà míì ó ń dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí gbogbo ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, tí ìlù sì ń dún débi pé kò gbọ́ ara rẹ̀ àfi ká gbé e sókè, ni mo tó ní kó dé ọmọrí.

Àwọn kan á kọ́kọ́ fa báàsì gìtá sókè títí, lẹ́yìn náà wọ́n á máa bínú sí ẹlẹ́rọ. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Tọ́lá_Ọ̀wọ̀ · 12:44

Èmi lẹ ń bá wí. Mo gbà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Yàbá_Oǹdó · 2:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń tún gìtá ṣe níbí ní Oǹdó, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ọyẹ́.

Iṣẹ́ kejì wà tí ìdérí ihò máa ń ṣe. Ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú iná. Pákó ń mí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe gìtá dáadáa, wọ́n ń tọ́jú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún, torí náà pákó ti mọ irú afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ra. Tí ọyẹ́ bá wá dé láti ìhà aṣálẹ̀, ní Dìsẹ́ńbà sí Jánúárì, tí ètè gbogbo wa ń là, pákó náà ń sún kì. Pákó iwájú gìtá kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, ẹ rántí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé wá sọ́dọ̀ mi ni pé irin ọrùn gìtá ń họ àwọn lọ́wọ́. Irin ò gùn sí i o. Pákó ọrùn ló sún kì, tó fi etí irin sílẹ̀ síta. Tí o bá ti rí ìyẹn, gìtá ẹ ń bẹ omi. Tí o ò bá dá a lóhùn, pákó iwájú á là, lábẹ́ eegun títí dé ìdí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí.

Tó bá di ọyẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n ra ike ọṣẹ kékeré, kí wọ́n fi ìṣó gbígbóná lu ú ní ihò yí ká, kí wọ́n rẹ fóòmù sínú omi, fún un gbẹ títí kò fi kán mọ́, tì í sínú ike, gbé e sínú àpò gìtá lẹ́bàá ọrùn. Kí wọ́n wá dé ihò gìtá, kí ọ̀rinrin tó wà nínú rẹ̀ má tètè sá lọ. Àwọn òyìnbó ń ta èyí tí ọmọrí àti fóòmù jọ wà nínú ara wọn, tó ń rọ̀ sínú ihò. Ó dáa, àmọ́ ike ọṣẹ náà ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n tó bá di Júláì, ẹ má dán an wò! Òjò Oǹdó ti tó o. Gìtá tó bá mu omi jù, àyà rẹ̀ á wú bí ikùn aláboyún, okùn á ga sókè kúrò lára ọrùn, ìka á máa dùn ẹ́. Ẹnì kan gbé irú rẹ̀ wá ní ọdún tó kọjá, fóòmù tútù ti wà nínú rẹ̀ láti ọyẹ́, olú ti hù síbẹ̀.

Aláwàdà_Ọjàọba · 2:11

Olú nínú gìtá. Ó kù kí ó fi ṣe ọbẹ̀.

Ọmọ_Ìjápọ̀ · 2:30

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ṣé mo lè wá fi rọ́bà yìí sílẹ̀ lójú ihò títí ayé? Àti pé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta gìtá onírọ́bà, èyí tí okùn rẹ̀ jẹ́ náílọ́ọ̀nù, fẹ́ yá a lò. Ṣé á wọ tirẹ̀?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Yàbá_Oǹdó · 3:02

Má fi sílẹ̀. Fínnísì kan wà lára àwọn gìtá olówó ńlá àti ti àtijọ́ tó ń jẹ́ nitrocellulose. Rọ́bà tó bá pẹ́ lára rẹ̀ máa ń yọ́ ọ, á fi àmì róbótó dúdú sílẹ̀ yí ihò ká. Ọ̀pọ̀ gìtá tí kò wọ́n kì í lo irú rẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ fi tirẹ̀ dán an wò? Tó o bá ta tán, yọ ọ́.

Ti ọ̀rẹ́ ẹ, kò ní wọ̀ ọ́. Ihò gìtá onírin sábà máa ń tó sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá ní fífẹ̀, ti náílọ́ọ̀nù máa ń jẹ́ mẹ́jọ ààbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Kó má fi tipátipá tì í, agbára díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ihò ní.

Tí kò bá rí rà, kó ṣe é. Kó gbé pépà lé ojú ihò lẹ́yìn tó ti tú okùn sílẹ̀, kó fi pẹ́ńsù ra á gba etí ihò, àwòrán rẹ̀ á yọ. Kó wá sílípáàsì tó ti gbó, èyí tó rọ̀ tí kò nípọn jù. Kó gé róbótó kan tó ṣe déédéé ihò, kó gé òmíràn tó fi ìwọ̀n ìka kékeré jù ú lọ, kó fi gọ́ọ̀mù tí àwọn ṣúmékà ń lò lẹ̀ wọ́n pọ̀. Kó sá a sóòrùn odindi ọjọ́ kan kí gọ́ọ̀mù gbẹ dáadáa kó tó sún mọ́ gìtá. Ti mo ṣe fún ọmọ mi, sílípáàsì ìyàwó mi ni mo fi ṣe é. Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Tíṣà_Alágbàká · 3:20

Ẹsẹ̀ kejì ń dúró de agídìgbo Bàbá.

Bàbá_Akọrin_Oǹdó · 3:48

Ẹ má fi ọwọ́ kan agídìgbo mi.

Ọmọ_Ìjápọ̀ · Sọ́ńdè, 3:15 ọ̀sán

Mo padà wá jábọ̀.

Mo gbé gìtá lọ sí ìsìn lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ki wáyà bọ̀ ọ́. Láìdé rọ́bà, ohùn dùn títí ìlù fi wọlé. Ẹ̀rọ ti ga, mo ta okùn karùn-ún, mo fẹ́ sinmi, okùn ò sinmi. *Wùùù.* Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin yíjú wò mí. Mo kọ́kọ́ ṣe bí Ẹlẹ́rọ ṣe wí, mo yí àyà gìtá kúrò lójú mọ́nítọ̀, ó dínkù, àmọ́ kò tán. Mo yọ rọ́bà lápò, mo tì í bọ̀ ọ́. Ó dákẹ́! Bí ẹni pa iná. Ohùn tó wá jáde nínú sípíkà kò yàtọ̀ púpọ̀, báàsì rẹ̀ ló kàn fúyẹ́ díẹ̀, ó tiẹ̀ wá mọ́ sí i láàárín ìlù. Lẹ́yìn ìsìn mo yọ ọ́, mo fi ìnura nu ojú ihò.

Èmi àti Bàbá ti di ọ̀kan: nílé, ihò ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Màmá mi gbọ́ pé wọ́n ń fi sílípáàsì ṣe irú rẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn bèèrè lọ́wọ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà pé ẹẹ́lòó ni mẹ́rin. Agolo ẹ̀gúsí, ti ọ̀gbọ̀lọ̀ àti ti ìrù wà nílẹ̀, ẹ̀kẹrin wọn ò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi dé.